Àkàtàǹpó, Ọrun àti Ìbọn ní Ilẹ̀ Èkìtì

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá nyín sọ yi lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tí a tọ́ dàgbà ní Adó-Èkìtì, tàbí ní Ìkẹ́rẹ́, tàbí ní Ìyìn, tí kò mọ àkàtàǹpó: igi tí ó ya méjì bí pàlàkà, okùn rọ́bà méjì, àti awọ pélébé tí a ń fi òkúta sí. Ọmọkùnrin a fi í kọ́ ọrùn lọ sí oko, a sì fi í lé ẹiyẹ kúrò lórí ìrẹsì. Ṣùgbọ́n orúkọ yi dàgbà ju ohun tí ó ń jẹ́ ẹ lọ. Ní 1839 ni Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bí a ti í fi imí-ọjọ́ se rọ́bà tí kì yio fi yọ́ nínú oru. Ṣáájú ìgbà náà, irú àkàtàǹpó tí ọmọ wa ń fà kò lè sí níbikíbi. Kí ni àwọn baba wa ń pè bẹ́ẹ̀ nígbà náà?

Ọrun ni, ṣùgbọ́n kì iṣe ọrun tí a ń fi ọwọ́ kan dì mú ní òòró. Ọrun kúkúrú líle ni, tí a gbé dábùú sí orí igi gbọọrọ kan, gẹ́gẹ́ bí a ti í kan àgbélébùú. Ẹni tí ó fẹ́ ta á a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a fi ọwọ́ méjèjì fa ọṣán títí yio fi há sí ojú tí a gbẹ́ fún un. Nínú irú èyí tí a mọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, a la igi náà sí méjì, èèkàn kékeré kan sì wà lára apá ìsàlẹ̀. Bí ó bá fún apá méjèjì pọ̀, èèkàn a ti ọṣán sókè, ọfà a sì lọ. Ẹni tí ó ti fà á tán kò tún ní láti máa fi agbára apá dì í mú. Ó lè ba sí ẹ̀hìn igi títí ẹran tàbí ọ̀tá yio fi dé. Henry Balfour, tí ó ń tọ́jú ilé ohun àtijọ́ Pitt Rivers ní Oxford, kọ̀wé ní 1909 pé lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tí ó gba ojú òkun wá ni a ti kọ́ ọ. Àwọn ará Pọtogí ti dé Bìní ní 1486, Bìní kò sì jìnnà sí Èkìtì; nítorínà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣòro fún wa láti gbà.

Ọrun tí ń ta òkò dípò ọfà sì wà ní ibòmíràn ní aiyé. Ní Índíà àti Ṣáínà, nwọ́n a tẹ oparun, nwọ́n a so ọṣán méjì mọ́ ọn, nwọ́n a fi igi kékeré là wọ́n láàrin kí nwọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra, nwọ́n a sì hun àpò kékeré sí agbedeméjì. Amọ̀ tí a rẹ́ roboto tí a sì sá gbẹ ni ọta rẹ̀. Ẹni tí ń ta á gbọ́dọ̀ yí ọwọ́ tí ó fi di ọrun mú sí apá kan bí ó ti ń jọ̀wọ́ ọṣán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òkò a ba àtàǹpàkò rẹ̀. A gbà pé ẹ̀kọ́ yi kì í pẹ́ wọ orí. Àwọn Lárúbáwá ń pe ọta amọ̀ náà ní bunduq, orúkọ èso roboto kan. Baybars, tí ó jọba Íjíbítì láti 1260 sí 1277, ń jẹ́ al-Bunduqdari nítorí pé ẹni tí ń ru irú ọrun bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. Nígbà tí ìbọn dé, orúkọ òkò amọ̀ náà bọ́ sára rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni Haúsá ti rí bindiga. Lọ́dọ̀ wọn ohun ìṣeré di ohun ogun. Lọ́dọ̀ tiwa ohun ogun ni ó di ohun ìṣeré.

Ìbọn ni ó fa èyí. Ọrun jẹ́ ohun tí àgbẹ̀ lè gbẹ́ ní ẹ̀hìn ilé rẹ̀: igi ti inú igbó wá, alágbẹ̀dẹ ìlú rọ irin ọfà. Ṣùgbọ́n ìbọn àti ẹ̀tù, láti etí òkun ni a ti ń rà wọ́n, ìlú tí kò bá sì rí ọ̀nà ọjà náà, ọwọ́ òfo ni yio fi jà. Láti nǹkan bí 1850 ni ogun Ìbàdàn ti ń tẹ ilẹ̀ Èkìtì mọ́lẹ̀, tí ajẹ́lẹ̀ wọn sì jókòó lé ìlú lórí. Ní 1878 Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì parapọ̀, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà sì di olórí ogun wọn. Síbẹ̀ kì iṣe ìgboyà nìkan ni ó dá Ìbàdàn dúró. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń bẹ ní Èkó kó owó jọ, nwọ́n sì fi ìbọn tí a ń ti ẹ̀hìn kì ránṣẹ́ sí ibùdó. Ìró ìbọn náà láàrin àwọn òkè ni a gbọ́ tí a fi sọ ogun náà ní Kírìjì. A fi ọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù September 1886.

Lẹ́hìn èyí, tani yio tún gbẹ́ ọrun dábùú sórí igi fún ogun? Ó dà bí ẹni pé orúkọ náà wà nílẹ̀ láìní ohun tí ó ń jẹ́ ẹ, nígbà tí rọ́bà sì dé, àwọn ọmọdé gbé e.