Ọfà Mẹ́ta Aólẹ̀ àti Baálẹ̀ Àpòmù: Kí A Tó Gba Ìwọ̀n Gbọ́



Bóyá ni a fi rí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí kò mọ ìtàn ọfà Aláàfin Aólẹ̀. Ọba náà ta ọfà kan sí àríwá, ó ta ọ̀kan sí gúúsù, ó ta ọ̀kan sí ìwọ̀ oòrùn. Ó ṣẹ́ èpè fún àwọn ìjòyè tó dìtẹ̀ mọ́ ọn, ó fọ́ àwo amọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbé májèlé jẹ. Àmọ́ ọmọ Àpòmù ni ọ̀kan nínú àwa tí a jọ kọ àpilẹ̀kọ yìí, ọ̀rọ̀ kan sì ń dùn ún. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, wọ́n á dárúkọ Àpòmù lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á sì sáré kọjá sí Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin. Bẹ́ẹ̀, Àpòmù ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà síbẹ̀. Lábẹ́ Ọọ̀ni Ifẹ̀ ni Àpòmù wà nígbà náà, ọjà rẹ̀ sì ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Níbi tí èrò bá pọ̀ sí, olè kì í jìnnà síbẹ̀: àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ń jí ènìyàn tà níbẹ̀. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kí Aólẹ̀ tó jọba, ó bá òwò lọ sí ọjà náà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń bá a ru ẹrù, ó sì ta ọ̀rẹ́ náà lẹ́rú. Ọ̀rọ̀ dé etí Baálẹ̀. Ó gba ẹni tí wọ́n tà sílẹ̀, ó mú Aólẹ̀, ó sì ní kí wọ́n nà án dáadáa. Kò wò ó pé ọmọ ọba ni. Òfin ni òfin.

Ìgbà tí Aólẹ̀ gorí ìtẹ́, tí wọ́n bi í pé ta ni ọ̀tá rẹ̀, Baálẹ̀ Àpòmù ló dárúkọ. Baálẹ̀ sá lọ sí ààfin Ọọ̀ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ òun lè kó gbogbo Ifẹ̀ sínú ogun, ó pa ara rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé orí òun lọ fún Aláàfin. Lẹ́yìn èyí ni Aólẹ̀ àti Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kọjú ìjà síra wọn. Wọ́n rán ọmọ ogun lọ sí Ìwéré-Ilé, wọ́n dìtẹ̀ níbẹ̀, wọ́n padà wá pàgọ́ sẹ́yìn odi Ọ̀yọ́, wọ́n sì fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí ọba. Ìgbà náà ni ọfà mẹ́ta yẹn jáde.

Ní ìsinmi tó kọjá, ọ̀rọ̀ ọfà yìí gbé wa dé ibi tí a kò rò. A fẹ́ mọ ohun tó ń mú kí ọfà lọ tààrà. A kẹ́kọ̀ọ́ pé tí okùn ọrun bá ti igi ọfà lẹ́yìn, igi náà máa ń tẹ̀ díẹ̀ kó tó nà padà. Èyí tó le jù á yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, èyí tó rọ̀ jù á yà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nítorí náà ni àwọn tó ń ṣe ọfà lóde òní ṣe máa ń wọn bí igi ṣe ń tẹ̀ sí: wọ́n á gbé e lé orí ìdúró méjì tó fi íǹṣì 28 jìnnà síra, wọ́n á fi ẹrù gíráàmù 880 kọ́ àárín rẹ̀, wọ́n á sì wo bó ṣe wálẹ̀ tó.

Àwa náà ṣe tiwa. A gbé pákó lé orí àga méjì, a kan ìṣó méjì mọ́ etí rẹ̀, a bu omi sínú ike títí sikéèlì fi kà á ní 880, a sì lẹ rúlà mọ́ ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Kí a tó wọn ọfà kankan, a kọ́kọ́ fi ọ̀pá irin roboto tó nípọn mílímítà 6 dán an wò, torí ìṣirò ti fi hàn pé irú irin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ní nǹkan bíi mílímítà 5. Tiwa ka 8! A yẹ ẹrù wò, a yẹ irin wò, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Pákó ló ń tẹ̀ pẹ̀lú irin. Ìgbà tí a kó búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ibi tí ìṣó wà ni rúlà tó ka 5.

Ibẹ̀ ni ọmọ Àpòmù inú wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣé ẹ ti wo pákó tí Johnson dúró lé?”

Ìbéèrè gidi ni. Ọdún 1846 ni wọ́n bí Johnson ní Hastings ní Sàró. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló sì ṣètò rẹ̀ títí ó fi jáde ní 1921. Ìyẹn ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn ikú Aólẹ̀. Ó tún kù: ìran Aláàfin Abíọ́dún ni Johnson, Abíọ́dún yìí ló sì jọba ṣáájú Aólẹ̀. Nínú ìwé náà, ayé Abíọ́dún tùbà tùṣẹ, ti Aólẹ̀ ló dàrú. Irin tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ wà tí a lè fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Robin Law, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjọba Ọ̀yọ́ tó jáde ní 1977, fi hàn pé Bàrìbá ti ṣẹ́gun Ọ̀yọ́ ní 1783, nígbà tí Abíọ́dún ṣì wà lórí ìtẹ́. Ilé náà ti ń sán kí ọfà Aólẹ̀ tó jáde.

Ṣé ká wá kó ìwé Johnson dànù ni? Rárá o. A kò sọ pákó wa nù, búlọ́ọ̀kù ni a wá fún un. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Johnson, síbẹ̀ ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé Aláàfin Ọ̀yọ́ ló jẹ̀bi, Baálẹ̀ ìlú kékeré lábẹ́ Ifẹ̀ ló ṣe ohun tó tọ́. Ẹni tó bá ń jẹ́rìí láti gbe ilé ara rẹ̀ kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, apá ti Àpòmù ló ṣeé gbára lé jù nínú ìtàn náà.

Ohun tó tẹ̀ lé e sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ ọjà náà kì í ṣe kékeré. Jíjí ènìyàn tà kò dáwọ́ dúró. Ìjà lórí ataare bẹ́ sílẹ̀ láàárín ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú lọ́jà Àpòmù, Òwu pa ìlú náà run, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú sì para pọ̀ dó ti Òwu. Ìjẹ̀bú gbé ìbọn wá, Òwu sì fọ́. Ní 1821, ogun mìíràn kó ọmọdékùnrin kan ní Òṣogùn, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ òkun. Òun ni Àjàyí Crowther. Fún ẹni tó rí ẹni gbà á sílẹ̀, àìmọye ni kò rí.

Ìdí nìyí tí a fi kọ èyí. A mọ èpè Aólẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n ẹni tó gba ẹrú kan sílẹ̀ lọ́jà, tó sì fi orí ara rẹ̀ san án, “Baálẹ̀ Àpòmù” nìkan ni Johnson pè é. Ìlú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò jìnnà sí Ìkirè, òun sì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìsọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ má kàn ra dòdò Ìkirè kí ẹ sì kọjá. Ẹ yà sí Àpòmù. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Johnson. Ìdúró kan kì í gbé ọfà dúró, méjì ni.