Path of Exile: Bí àwọn eléré ṣe ń kó ọrọ̀ jọ nínú eré tí owó rẹ̀ jẹ́ irinṣẹ́

Nínú ọ̀pọ̀ eré orí kọ̀ǹpútà tí èèyàn ti ń fi idà àti oògùn bá àwọn abàmì jà, wúrà ni owó tí wọ́n ń ná. Eléré á pa abàmì, wúrà á jábọ́, á sì kó o lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò láti fi ra àṣíborí tàbí asà. Eré kan wà tó kọ ọ̀nà yìí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Path of Exile ni orúkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ Grinding Gear Games, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Auckland, lórílẹ̀-èdè New Zealand, lọ́dún 2006, ló ṣe é. Ọjọ́ 23, oṣù kẹwàá, ọdún 2013, ni ojúlówó ẹ̀dà rẹ̀ sì jáde.

Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe eré náà. Aṣọ oge àti àpótí ìkẹ́rùsí ni iléeṣẹ́ náà ń tà láti fi rí owó tirẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn eléré ti ń pàdé, àwọn fúnra wọn ló sì ń dá iye lé ọjà láàárín ara wọn. Ìbéèrè tí ẹni tuntun máa ń kọ́kọ́ bi àwọn àgbà inú eré yìí ni pé, báwo lèèyàn ṣe lè rí owó kó jọ láìjẹ́ pé ó fi gbogbo òru ṣòfò? Ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú agbára ìjà nìkan. Ọ̀rọ̀ ọjà ni, ọ̀rọ̀ ìṣirò wákàtí sì ni pẹ̀lú.

OWÓ TÓ JẸ́ IRINṢẸ́

Gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní owó nínú Path of Exile ló ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Scroll of Wisdom, tí í ṣe ìwé kíká, ni wọ́n fi ń mọ àbùdá ohun tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Orb of Alchemy a máa sọ ohun lásán di ohun tó ṣọ̀wọ́n. Orb of Fusing a máa so ojú ihò tí wọ́n ń ki òkúta agbára sí pọ̀ mọ́ra wọn. Chaos Orb a máa pa àbùdá ohun tó ṣọ̀wọ́n rẹ́, a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Exalted Orb a máa fi àbùdá kan kún èyí tó ti wà níbẹ̀. Divine Orb ní tirẹ̀ a máa yí iye tó wà lára àbùdá padà, bóyá kó lọ sókè tàbí kó wálẹ̀. Èyí tó ṣọ̀wọ́n jù nínú gbogbo wọn ni Mirror of Kalandra, dígí tó ń ṣe ẹ̀dà ohun ìjà kan ní odidi.

Bí wọ́n bá ti lo ọ̀kan nínú wọn, ó tán nìyẹn. Ìdí tí owó yìí kò fi tètè di yẹpẹrẹ lọ́jà nìyí, nítorí pé bí ó ti ń jábọ́ láti ara àwọn abàmì ni àwọn eléré ń lò ó dànù.

Ìrírí àwọn eré tó ṣáájú fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Nínú Diablo II, tó jáde lọ́dún 2000, wúrà pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á fún ohun gidi. Òrùka kan tí wọ́n ń pè ní Stone of Jordan ni àwọn eléré sọ di owó. Àwọn oníjìbìtì wá rí ọ̀nà ṣe ẹ̀dà òrùka náà, ó sì kún ìta. Diablo III, tó jáde lóṣù karùn-ún, ọdún 2012, gba ọ̀nà mìíràn. Iléeṣẹ́ Blizzard dá ọjà gbàǹjo sílẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì fàyè gba títa ẹrù ní owó gidi. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, iléeṣẹ́ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọjà ọ̀hún ń ba ìdí tí wọ́n fi ṣe eré náà jẹ́, nítorí pé ó yẹ kó jẹ́ abàmì ni èèyàn yóò pa kó tó rí ohun rere. Ọjọ́ 18, oṣù kẹta, ọdún 2014, ni wọ́n ti ọjà náà pa.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí àwọn oníṣòwò ará Yúróòpù ń fi ọkọ̀ ojú omi kó owó ẹyọ Zanzibar wọ Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, owó ẹyọ pọ̀ rẹpẹtẹ, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀. Owó tó ń wọlé tí kò níbi tí yóò gbà jáde kò lè ṣe kó má di yẹpẹrẹ, yálà nínú ọjà gidi tàbí nínú eré.

WÁKÀTÍ NI ÒṢÙWỌ̀N

Iṣẹ́ oko ni àwọn eléré fi ń pe ìkójọ owó yìí, nítorí pé ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń padà sí léraléra. Ilẹ̀ ọ̀hún ni máàpù. Ẹni tó bá parí ìtàn eré náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí máàpù, láti ìpele kìn-ín-ní títí dé ìpele 16. Lọ́dún 2024 ni wọ́n fi ìpele 17 kún un, èyí tó le ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé eléré á máa wo iye tó rí nínú máàpù kan, kò ní wo iye tó rí láàárín wákàtí kan. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní eléré kan ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin parí máàpù, tó sì ń rí Chaos Orb 5 níbẹ̀. Ẹnì kejì ń lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ó ń rí 9. Lójú, ẹnì kejì ló dà bí ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín wákàtí kan, máàpù 15 ni ẹni àkọ́kọ́ parí, ó sì rí 75. Mẹ́fà péré ni ẹnì kejì parí, 54 ló sì rí. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ń ná Chaos Orb 1 lórí máàpù kọ̀ọ̀kan, tí ẹnì kejì ń ná 3, èrè wọn yóò di 60 àti 36. Ìnáwó àti àkókò ni wọ́n fi ń mọ èrè, kì í ṣe ohun tó jábọ́ nìkan.

Nítorí náà, ìyára ẹsẹ̀ eléré àti bí kò ṣe ń kú ṣe pàtàkì ju agbára ńlá tí kò lè rìn lọ. Nínú máàpù, ẹni tó bá kú yóò pàdánù ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìrírí tó nílò fún ìpele rẹ̀, yóò tún pàdánù àkókò tó fi ń padà síbi tó ti ṣubú.

ÀWỌN Ọ̀NÀ TÓ Ń MÚ OWÓ WỌLÉ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú Path of Exile. Àwọn ọ̀nà tó tẹ̀ lé e yìí ni àwọn tó mọ eré náà dunjú máa ń tọ̀.

Asẹ́ ẹrù. Ohun tó ń jábọ́ nínú eré yìí pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ lè ṣà lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo asẹ́, ìyẹn fáìlì kan tó ń fi ohun tí kò níye pamọ́, tó sì ń fi àwọ̀ àti ìró tọ́ka sí èyí tó níye. Bí asẹ́ ṣe ń ya ìyàngbò kúrò lára èlùbọ́ ló ṣe ń ya pàǹtí kúrò lójú eléré. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ láti ṣa gbogbo nǹkan kò ní lè yára.

Yíyan iṣẹ́ kan. Lórí àwòrán ńlá tí wọ́n ń pè ní Atlas, eléré lè na àmì tó gbà lé irú ohun tó fẹ́ kó máa pọ̀ nínú máàpù rẹ̀. Ẹni tó yan Essence yóò máa pàdé àwọn abàmì tí wọ́n há mọ́ inú kírísítálì. Bó bá tú wọn sílẹ̀ tó sì pa wọ́n, yóò rí Essence tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nílò. Mẹ́ta nínú ìpele kan ni wọ́n ń pa pọ̀ di ọ̀kan nínú ìpele tó ga jù ú. Iṣẹ́ yìí kò gba ìnáwó púpọ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi dára fún ẹni tí kò tíì lówó. Ẹni tó bá fọ́n àmì rẹ̀ ká sí ibi mẹ́wàá kò ní rí èyí tó pọ̀ tó láti tà.

Heist. Lọ́dún 2020 ni wọ́n mú èyí wọ inú eré. Eléré á kó àwọn olè lẹ́yìn lọ sí ilé àwọn ọlọ́rọ̀, wọn á ṣí àpótí, wọn á sì sá jáde. Kò gba máàpù, kò sì gba ìhámọ́ra olówó ńlá.

Ṣíṣa ìhámọ́ra pé. Ọ̀nà àtijọ́ lèyí, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àwọn ẹni tuntun fi ń jẹun lórí rẹ̀. Àṣíborí, ẹ̀wù, ìbọ̀wọ́, bàtà, ìgbànú, ẹ̀gbà ọrùn, òrùka méjì àti ohun ìjà, tí gbogbo wọn jẹ́ ohun tó ṣọ̀wọ́n tí ìpele wọn wà láàárín 60 sí 74, ni wọ́n ń kó fún oníṣòwò inú eré. Chaos Orb 2 ló ń san bí wọn kò bá tíì fi ìwé yẹ̀ wọ́n wò, ó ń san 1 bí wọ́n bá ti yẹ̀ wọ́n wò. Owó náà dájú, ṣùgbọ́n àkókò tó ń gbà pọ̀. Bí eléré bá ti lágbára tó, ó yẹ kó fi í sílẹ̀.

Pípa àwọn olórí abàmì. Àwọn bíi Shaper, Elder, Sirus àti Maven máa ń ju ohun tí kò sí níbòmíràn sílẹ̀. Èrè ibẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n ìkọjá ẹnu ọ̀nà wọn ń ná eléré lówó, ẹni tó bá sì ń kú níbẹ̀ ń jẹ gbèsè ni.

Òwò. Àwọn kan kì í fi bẹ́ẹ̀ jà rárá. Bí alájàpá ni wọ́n ṣe ń rà níbi tó ti pọ̀, tí wọ́n ń tà níbi tó ti wọ́n. Tẹ́lẹ̀, eléré gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ tajà, kí wọ́n sì pàdé kí wọ́n tó ṣe pàṣípààrọ̀. Lóṣù keje, ọdún 2024, iléeṣẹ́ náà dá ibi pàṣípààrọ̀ owó sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Faustus. Eléré lè fi owó rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kó lọ sùn, kó sì bá ọjà tó ti parí nígbà tó bá jí. Wúrà, tó wọ inú eré náà fún ìgbà àkọ́kọ́ lákòókò yẹn, ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ rẹ̀, wọn kò sì lè ta wúrà náà fún ẹlòmíràn.

ÌGBÀ TÍTÀ ÀTI ÌGBÀ PÍPAMỌ́

Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ó sábà máa ń jẹ́ pé líìgì tuntun ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo èèyàn á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ohun gbogbo wọ́n, nítorí pé kò tíì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n fi Chaos Orb 20 rà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ lè máà ju 2 lọ lẹ́yìn oṣù kan. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi máa ń tètè ta ohun tí wọn kò lò, tí wọ́n sì ń yí Chaos Orb wọn sí Divine Orb. Títà lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sì máa ń mówó ju títà ní wẹ́wẹ́ lọ, nítorí pé ẹni tó nílò ọgọ́rùn-ún Essence ṣe tán láti san àlékún kó lè bọ́ lọ́wọ́ wíwá ènìyàn 20 kiri.

Ṣùgbọ́n kò sí owó tí a lè fọkàn tán tán. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Exalted Orb ni owó ńlá inú eré yìí. Lóṣù kẹjọ, ọdún 2022, iléeṣẹ́ náà sọ pé Divine Orb ni kí wọ́n máa fi san owó iṣẹ́ ọwọ́ tí Exalted Orb ń san tẹ́lẹ̀. Kíá ni ipò méjèèjì yí padà. Àwọn tó ti kó Exalted Orb jọ sínú àpótí rí i bí iye rẹ̀ ṣe ń já. Nínú Path of Exile 2, tí wọ́n ṣí fún àwọn eléré lóṣù kejìlá, ọdún 2024, wúrà wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ Chaos Orb sì yàtọ̀. Ẹni tó bá gbé ìṣirò eré àkọ́kọ́ wọ inú èkejì yóò ṣì í.

IBI TÍ EWU WÀ

Ewu àkọ́kọ́ ni tẹ́tẹ́. Nítorí pé owó náà jẹ́ irinṣẹ́, ọ̀pọ̀ ń fi èrè ọ̀sẹ̀ kan lu ohun ìjà kan ṣoṣo, ìrètí wọn ni pé àbùdá rere yóò jáde. Ó sábà máa ń dín owó kù láti ra ohun tí ẹlòmíràn ti ṣe tán.

Ewu kejì ni jìbìtì. Àwọn kan máa ń kọ iye kékeré sára ohun tí wọn kò ní í tà láéláé, kí ẹni tuntun lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni iye rẹ̀ rí, kó sì ta tirẹ̀ fún wọn lówó pọ́ọ́kú. Àwọn mìíràn á pààrọ̀ ẹrù nígbà tí pàṣípààrọ̀ bá fẹ́ parí. Ó yẹ kí eléré fi ọ̀pọ̀ iye wéra, kó sì wo ẹrù náà dáadáa kó tó gbà.

Ewu kẹta ló burú jù. Àwọn kan ń ta Divine Orb ní owó gidi níta eré. Òfin Grinding Gear Games kò fàyè gbà á, bẹ́ẹ̀ ni kò fàyè gba kí kọ̀ǹpútà máa ṣe eré náà fúnra rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà lè ti àkáǹtì ẹni tó rà àti ẹni tó tà pa, ohun tí èèyàn fi ọdún mẹ́wàá kó jọ á sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá san owó fún irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tí yóò ti gba ẹjọ́ rò.

Bí líìgì bá parí, gbogbo ohun ìní eléré á kọjá sí Standard, níbi tí ọrọ̀ ọdún pípẹ́ ti ń gorí ara wọn. Kò sí ọ̀kan tí wọ́n lè gbé wọ líìgì tó kàn. Ìmọ̀ nìkan ló ń bá èèyàn dé ibẹ̀. Nítorí náà, kí eléré tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oko rẹ̀, kó kọ ohun tó fẹ́ rà àti iye rẹ̀ sílẹ̀. Bí owó rẹ̀ bá ti pé, kó rà á, kó sì padà sínú eré tó tìtorí rẹ̀ ń wówó.