Ìwé Àlọ́ Ọdún 1885: Àrà Inú Àkísà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Òwe yìí bá àwọn ìwé Yorùbá àtijọ́ mu. Lójú ẹni tí kò mọ iyì wọn, àkísà lásán ni wọ́n: etí wọn ti ya, ikán sì ti jẹ ẹ̀yìn wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí wọn wò yóò bá àrà pàdé níbi tí kò fọkàn sí. Ọ̀kan nínú wọn ni Ìwé Àlọ́ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1885.

Ẹni tí ó ṣe ìwé náà ni David Brown Vincent, tí a bí ní 1860. Òun ni ó wá yí orúkọ padà sí Mojọlá Àgbébí ní 1894. Ọmọ ọdún 25 péré ni nígbà tí ìwé yìí jáde, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àkókò náà kò rọrùn fún èdè Yorùbá. Lóòótọ́, Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, Ìwé Ìròhìn sì ti bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Síbẹ̀, ìwé ìsìn ni ó pọ̀ jù lọ nínú ohun tí Yorùbá ń kà ní èdè wọn. Ní 1882, òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba gbé kalẹ̀ so owó ìrànwọ́ mọ́ kíkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò fi ti Yorùbá ṣe. Nígbà náà ni oníwàásù Onítẹ̀bọmi kan kó àlọ́ jọ, tí ó fi wọ́n ṣe ìwé!

Kí ni àǹfààní àlọ́? Àlọ́ àpamọ̀ a máa mú ohun tí a ń rí lójoojúmọ́, a sì sọ ọ́ di ohun ìyanu. Ẹyin adìyẹ a di ilé funfun tí kò ní ilẹ̀kùn. Òjìji a di ẹlẹgbẹ́ tí ń bá ni rìn láìfọhùn. Kò sí oògùn níbẹ̀, kò sí èèdì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá já àlọ́ ẹyin kò ní fi ojú àná wo ẹyin mọ́.

Òtítọ́ ni pé ìwé kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ ẹnu. Kò sí òṣùpá nínú rẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ ọmọdé tí yóò gbe orin, kò sí ìyá àgbà tí yóò rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ó ṣìdáhùn. Síbẹ̀, ìwé lè dúró de ẹni tí a kò tíì bí, nígbà tí agbo àlọ́ bá ti tú.

Ìwé àdéhùn àti ìtàn ogun a máa sọ ohun tí ó ba àwọn baba wa lẹ́rù. Ìwé bí èyí ni í sọ ohun tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Bí a bá jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́ tán, ìdajì ìtàn ni yóò kù. Olùkọ́ tí ó bá mú un wọ kíláàsì kò gbé àkísà wọlé. Ẹrù ìdílé ni ó tú fún àwọn ọmọ tí ó ni ín.