Ilé yíyá àti ilé ríra fún akẹ́kọ̀ọ́

Ilé yíyá tàbí ilé ríra jẹ́ ìpinnu tí ó máa ń kan akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí kò rí yàrá nínú ọgbà, àti àwọn òbí rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ilé yíyá ló wọ́pọ̀ jù. Àpẹẹrẹ ni Agbowó, àdúgbò tí ó kọjú sí Yunifásítì ìlú Ìbàdàn.

Ilé yíyá
Owó ọdún kan ni onílé sábà máa ń gbà ṣáájú. Owó ejẹ́ǹtì àti owó ìwé àdéhùn a sì máa gorí rẹ̀. Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò gba onílé láàyè láti gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ṣùgbọ́n kò kan ilé tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ilé ríra
Ẹni tí ó ra ilé bọ́ lọ́wọ́ owó ilé ọdọọdún, ó sì lè fi yàrá tó ṣẹ́kù yáni. Àmọ́ owó ńlá ni, ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kì í sì í pẹ́ parí. Ẹ̀yáwó National Housing Fund wà fún ẹni tí ń dá owó sínú rẹ̀ láti inú owó oṣù, èyí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò ní. Lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978, ìyọ̀ǹda gómìnà tún pọn dandan kí ilẹ̀ tí ó ní ìwé-ẹ̀rí ìjọba tó lè di ti olùrà.