Eṣinṣin Tó Pààlà fún Ẹṣin Ọ̀yọ́

Inú ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́ Ilé wà, ní àríwá ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí igi ti fọ́nká tí ẹ̀ẹ̀rùn sì máa ń gùn. Láti ìgbà Aláàfin Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, ni àwọn ẹlẹ́ṣin ti di agbára ìjọba náà. Ní 1698 wọ́n kó ogun ja Allada nítòsí òkun. Ní 1726 wọ́n fọ́ ogun Dàhọ́mì túútúú. Síbẹ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń lọ. Bí òjò bá ti ń súnmọ́, wọ́n á dá ẹṣin padà sílé.

Oúnjẹ ẹṣin ṣọ̀wọ́n ní gúúsù, eṣinṣin tsetse sì pọ̀ níbẹ̀. Abẹ́ ibòòji àti etí odò ni eṣinṣin yìí fẹ́ràn, akọ àti abo rẹ̀ ló sì ń mu ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń gbé àrùn nàgánà kiri: ẹṣin á máa ní ibà, á máa rù, títí yóò fi kú. Ní 1895 ni dókítà David Bruce tó rí kòkòrò àrùn náà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹran ní ilẹ̀ Súlú. Kí ó tó dìgbà náà, Ọ̀yọ́ ti ń ra ẹṣin léraléra láti àríwá, nítorí èyí tó ń kú pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè bí nílé lọ. Ẹrú àti ọjà òyìnbó ni wọ́n fi ń rà á. Ó yẹ kí á sọ ọ́ gbangba pé ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n fi dí àlàfo tí eṣinṣin dá sílẹ̀.

Eṣinṣin náà ní ọ̀tá tirẹ̀. Aláǹtakùn ń dẹkùn mú un, agbọ́n ń gbé e lọ fún ọmọ rẹ̀, ẹyẹ sì ń ṣà á jẹ. Ṣùgbọ́n kì í yé ẹyin sílẹ̀. Ìdin kan ṣoṣo ló ń bí ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá síra wọn, ìdin náà á sì wọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á sé ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo líle. Eèrà lè rí i níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni agbọ́n kékeré kan tó ń yé ẹyin sínú èèpo yẹn. Ní àwọn ọdún 1920, onímọ̀ nípa kòkòrò, W. A. Lamborn, tú agbọ́n kékeré yìí sílẹ̀ nínú igbó Nyasaland, tí í ṣe Màláwì òde òní, àmọ́ eṣinṣin kò tán níbẹ̀. Igbó tí a ṣán, tí oòrùn sì ráyè wọ̀, ń lé e jìnnà ju ọ̀tá wọ̀nyí lọ.

Igbó gúúsù kò ṣeé ṣán tán fún ẹṣin. Ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin tó wá láti àríwá, ní Òṣogbo. Láti ìgbà náà, ìbọn àti jagunjagun ẹlẹ́sẹ̀ ló ń pinnu ogun ní gúúsù, ẹṣin sì di ohun iyì fún àwọn olóyè.