Àwọn Apẹja Ńlá Òkun Kúbà àti Bàbá Tí A Kò Dárúkọ Rẹ̀

Ó lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu nínú yín pé a gbé kálámù láti kọ ìtàn ẹja òkun Kúbà sínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìlọsíwájú wa. Ìdí méjì ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtàn náà kan ilẹ̀ tí a kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ. Ó sì kan ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí ó jẹ wá lógún, èyíinì ni bí orúkọ àwọn àgbà ti ń parun.

Ẹja méjì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Èkíní ni túnà, ẹja sísanra tí ó yára bí ọfà. Èkejì ni márílìn, tí ẹnu rẹ̀ gùn ṣóńṣó bí ọ̀kọ̀. Láti ìgbà láéláé ni àwọn apẹja ti ń pa wọ́n fún oúnjẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, àwọn ọlọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n fún eré ìdárayá. Ní ọdún 1898, Ọ̀gbẹ́ni Charles Frederick Holder fi ọ̀pá ìpẹja àti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ fa túnà kan tí ó wọn 183 pọ́n-ùn jáde ní erékùṣù Catalina, létí òkun Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún náà gan-an ni a dá Ẹgbẹ́ Túnà sílẹ̀ ní ìlú Avalon, tí wọ́n sì fi lélẹ̀ pé kí okùn má ṣe nípọn jù, kí ẹja lè rí àyè jà fún ẹ̀mí ara rẹ̀.

Ní ọdún 1939 ni a dá ẹgbẹ́ àgbáyé sílẹ̀, èyí tí ó ń kọ àwọn ẹja tí ó tóbi jù lọ sínú ìwé. Òfin wọn le. Ọ̀pá àti kẹ̀kẹ́ tí a ń ká okùn sí ni a gbọdọ̀ fi pa ẹja náà. Bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kan ọ̀pá nígbà tí ìjà ń lọ, tàbí bí àkurákudà bá ti gé lára ẹja náà jẹ, wọn kò ní kọ ọ́ sílẹ̀. Nípa òfin yìí ni orúkọ Alfred Glassell fi wọ inú ìwé, nítorí márílìn dúdú tí ó wọn 1,560 pọ́n-ùn, tí ó pa ní Cabo Blanco ní ilẹ̀ Pèrú ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 1953.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí Kúbà. Ní ìhà ìlà-oòrùn Havana ni abúlé apẹja kan wà tí ń jẹ́ Cojímar. Ìṣàn omi ńlá inú òkun tí wọ́n ń pè ní Gulf Stream ń kọjá nítòsí rẹ̀, ibẹ̀ sì ni márílìn ń gbà. Ní òdìkejì èbúté Havana ni Regla wà, níbi tí àwọn ẹlẹ́sìn Lucumí, ẹ̀sìn tí àwọn ọmọ Yorùbá gbé dé ibẹ̀, ti ń bọ Yemọja títí di òní lábẹ́ orúkọ Wúńdíá Regla. Nínú ìdè ni àwọn baba wọn fi la òkun kọjá, ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin níbẹ̀. Òkun tí ó jẹ́ pápá ìṣeré fún ọlọ́rọ̀, ọ̀nà ẹkún ni ó jẹ́ fún àwọn ènìyàn wa.

Àwọn apẹja Cojímar kò ní ọ̀pá olówó ńlá. Ọkọ̀ kékeré ni wọ́n ń wà. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń di okùn nínípọn mú, wọ́n a sọ ìwọ̀ sínú ibú, wọ́n a sì jẹ́ kí omi máa gbé ọkọ̀ lọ. Ní ọdún 1932 ni òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà nì, Ernest Hemingway, bẹ̀rẹ̀ sí í pa márílìn ní òkun yìí. Ní ọdún 1934 ó ra ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tirẹ̀ tí ń jẹ́ Pilar, tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 38. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: lọ́wọ́ àwọn apẹja ilẹ̀ náà, irú Carlos Gutiérrez, ni ó ti kọ́ ìwà márílìn.

Ní ọdún 1936, Hemingway kọ ìròyìn kan jáde nípa bàbá arúgbó kan tí ó dá wa ọkọ̀ jáde láti Cabañas. Bàbá náà fi ìwọ̀ kọ́ márílìn ńlá kan, ẹja náà sì fa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí agbami. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni àwọn apẹja mìíràn tó rí i, ní 60 máìlì sí ìhà ìlà-oòrùn. Ó ti pa ẹja náà, ó sì ti dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n àwọn àkurákudà ti jẹ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Èyí tí ó kù wọn 800 pọ́n-ùn. Ẹkún ni wọ́n bá bàbá náà tí ó ń sun. Irú ìtàn yìí ni Hemingway fi kọ ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1952, tí gbogbo ayé kà. Ní ọdún 1954 ó gba ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Bí ohun tí ó kù kò bá tó ìdajì, tí ó sì wọn 800 pọ́n-ùn, odindi ẹja náà yóò ju 1,600 lọ. Ó ju ti Glassell! Ṣùgbọ́n okùn ọwọ́ ni bàbá náà lò, àkurákudà sì ti jẹ nínú ẹja rẹ̀. Kò sí ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ìbá gbà á. Èyí tí ó dùn wá jù ni pé, nínú ìròyìn náà, a kò dárúkọ rẹ̀.

Láti ọdún 1950 ni ìdíje ẹja pípa ti wà ní Havana ní orúkọ Hemingway. Fidel Castro pàápàá gba ẹ̀bùn níbẹ̀ ní ọdún 1960. Lẹ́yìn tí Hemingway kú ní ọdún 1961, àwọn apẹja Cojímar kó idẹ ara ọkọ̀ wọn jọ, a sì fi rọ ère orí rẹ̀ sí etí òkun ní ọdún 1962. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n hù. Wọ́n bọlá fún ẹni tí ó kọ ìtàn wọn. Ta ni yóò wá bọlá fún ẹni tí ó ni ìtàn?

Ẹ̀yin ará, ìlú tiwa náà ní àwọn ọdẹ, àwọn ahunṣọ, àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn apẹja tí iṣẹ́ wọn ju ti ọ̀pọ̀ ẹni tí ìwé ń ròyìn lọ. Àwa ni a mọ orúkọ wọn. Bí àwa kò bá kọ ọ́, àlejò yóò kọ iṣẹ́ wọn, yóò sì fi orúkọ wọn sílẹ̀. Nítorí náà a ń bẹ yín, ní agbo ilé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ jókòó ti àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, kí ẹ bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ.