Onílé, Ayálégbé àti Kọ́kọ́rọ́: Ìtàn Ilé WASU ní Lọ́ńdọ̀nù

Láti ìgbà tí yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Òkìtìpupa ní 2008, èyí tó ń jẹ́ orúkọ Olóògbé Olúṣẹ́gun Àgágù báyìí, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òwò ọ̀tun kan ti gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa: bíbá akẹ́kọ̀ọ́ wá yàrá. Bí ọmọ kan bá fẹ́ háyà, yóò béèrè omi, yóò béèrè owó ọdún kan, yóò béèrè iná (nǹkan tí àwa ará gúúsù Oǹdó kì í dárúkọ láìmí kanlẹ̀). Ìbéèrè kan wà tí wọn kì í sábà rántí: ta ni onílé yìí, kí ló sì lè fi ẹni tó ń gbé inú ilé rẹ̀ ṣe?

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìmọ̀ èdè, ẹ ó rántí pé ọ̀rọ̀ náà "onílé" gba ìtumọ̀ méjì. Ẹni tó ni ilé ni. Ẹni tó gba àlejò sílé náà ni. (Àwa Ìkálẹ̀ a máa fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ "ilé" fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò yí ìtumọ̀ padà.) Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì: ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ń gbowó ilé, òmíràn fún ẹni tó ń ṣe àlejò lóore. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn bá ẹni àkọ́kọ́ pàdé láìrí ẹni kejì. Ìtàn wọn ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1922 láti kọ́ nípa òfin. Owó ò tó o ná. Ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní Yorùbá láti fi kún un, àti pé ní 1924 ó sọ Yorùbá lórí rédíò níbẹ̀, ohun tí inú mi kì í yé dùn sí. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ni ìṣòro. Nígbà yẹn, bí aláwọ̀ dúdú bá kan ilẹ̀kùn níbi tí wọ́n kọ "yàrá wà" sí, ìyá onílé lè wò ó lójú kó ní yàrá ti tán. Òmíràn á gbà á, á sì bu owó lé e. Kò sí òfin tó dè wọ́n.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ 1925, Ṣólàńkẹ́ àti Dókítà Herbert Bankole-Bright, ọmọ Sàró, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan, dá ẹgbẹ́ West African Students' Union sílẹ̀. WASU ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin náà rí i pé ó jọ "wàásù", eré ọ̀rọ̀ yìí kò sì fara sin fún wọn. Ilé tiwọn ló wà lọ́kàn wọn. Ní 1928, Marcus Garvey gbà wọ́n láyè láti lo ilé kan, ṣùgbọ́n ilé àyálò ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ni Ṣólàńkẹ́ bá wọkọ̀ ojú omi padà sílé ní 1929. Ọdún mẹ́ta ló fi káàkiri Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà, tó ń tọrọ owó lọ́wọ́ ọba, ìjòyè àti oníṣòwò. Ẹ rò ó wò: odindi ọdún mẹ́ta nítorí ilé!

Ní oṣù kẹta 1933, wọ́n ṣí ilé náà ní 62 Camden Road. Ṣólàńkẹ́ ni alábòójútó, ìyàwó rẹ̀ Ọpẹ́olú ló ń tọ́jú ilé àti oúnjẹ. Kì í ṣe ilé olówó, gbèsè ò sì jìnnà sí i rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Èkó tàbí Accra mọ̀ pé wọ́n ó ṣí ilẹ̀kùn fún òun, wọ́n ó sì bu oúnjẹ ilẹ̀ wa fún òun. Onílé ní ìtumọ̀ méjèèjì rèé.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Wọ́n ṣí ilé mìíràn ní 47 Doughty Street, wọ́n pè é ní Aggrey House, ní ìrántí Aggrey, olùkọ́ ọmọ Gold Coast tó kú ní 1927. Ilé tó gbádùn mọ́ni ni. Ọ́fíìsì tó ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ amúnisìn ló wà lẹ́yìn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbìmọ̀ kan ni wọ́n fi síwájú. WASU figbe ta. Wọ́n kọ ìwé pélébé kan, "The Truth About Aggrey House", wọ́n ní ìjọba fẹ́ máa fi ilé náà ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, wọ́n sì ní kí ọmọ Áfíríkà má ṣe débẹ̀. Gbogbo ènìyàn kọ́ ló gbà fún wọn. Dókítà Harold Moody, ọmọ Jàmáíkà tó ń darí League of Coloured Peoples, fara mọ́ Aggrey House ní tirẹ̀. Mi ò ní dá akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ ibẹ̀ lẹ́bi o. Ẹni tí ìyá onílé mẹ́ta ti lé lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, tí òtútù ń mú, kì í béèrè ẹni tó ń san owó èédú.

Síbẹ̀, mo rò pé Ṣólàńkẹ́ rí ọ̀ọ́kán. Àwọn tó ń gbé Aggrey House bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òṣèlú tí àwọn aláṣẹ kò fẹ́ gbọ́. Ní 1940, wọ́n ti ilé náà pa. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kọ́ ló ni kọ́kọ́rọ́.

Ẹ má rò pé WASU dá dúró pátápátá. Nígbà tó yá, àwọn náà gba owó ìjọba, àwọn kan sì bú Ṣólàńkẹ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kó lọ sí ilé tó tóbi jù ní South Villas, Camden, ní 1938, ẹgbẹ́ ló sì ń darí rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1941, Clement Attlee bá ẹgbẹ́ yìí sọ̀rọ̀, ó ní ìlérí òmìnira tó wà nínú Atlantic Charter kan gbogbo ẹ̀yà ènìyàn. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Churchill sọ òdìkejì rẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò gbàgbé ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ní ti ìyá onílé tó ń sọ pé yàrá ti tán, ó pẹ́ kí òfin tó kàn án. Òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965 kò dárúkọ ilé gbígbé. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1968 ló sọ ọ́ di èèwọ̀ láti kọ ayálégbé nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ṣólàńkẹ́ ti kú ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́hùn-ún ní 1958.